Òkúta Kẹwàá

Bí mo bá ti gbọ́ òórùn gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ ihò ara táyà, ìlú wa ni ọkàn mi máa ń sáré lọ, ìlú kékeré kan lẹ́yìn Lálúpọn, níbi tí òórùn gbàgúdá tó ń kan nínú àpò àti èéfín agbada gàrí kì í ti í kúrò lára aṣọ, bó ti wù kí a fọ̀ ọ́ tó. Ní àkókò tí mò ń sọ yìí, iṣẹ́ mi ni kí n máa fi kẹ̀kẹ́ kó gàrí láti àwọn abúlé dé ìdí rélùwéè ní Lálúpọn. Àpò méjì lẹ́yìn, ọ̀kan níwájú, ẹsẹ̀ mi sì le bí ọmọ odó. Ìwọ tí o mọ̀ mí pẹ̀lú ikùn tí mo gbé kiri lónìí lè máa rẹ́rìn-ín, n kò bá ọ jà. Ìgbà ara là á búra, ẹnìkan kì í búra Ṣànpọ̀nná nígbà òjò.

Yàrà àtijọ́ ló yí ìlú wa ká. Àwọn baba ńlá wa ló gbẹ́ ẹ nígbà ogun Ìjàyè, kí ẹlẹ́ṣin má baà ya wọ ìlú lójijì. Nígbà tí àwa dáyé, ewúrẹ́ ló ń jẹko nínú rẹ̀, ọ̀nà tó sì lọ lẹ́bàá rẹ̀ nínú ìlú ti di ọ̀nà pẹrẹsẹ tí a ń gbà lọ sódò àti sóko. Bí ènìyàn bá gbéra níwájú mọ́ṣáláṣí, tí ó ń tọ ẹ̀bá yàrà lọ láìyà síbì kan, iwájú mọ́ṣáláṣí yẹn náà ni yóò tún já sí. Tíṣà ilé-ìwé wa, ọmọ ìlú Ìrókò kan tí kì í rí nǹkan kó má kọ òfin lé e lórí, dúró wo ọ̀nà náà lọ́jọ́ kan, ó ní Ọlọ́run ti la ọ̀nà eré kẹ̀kẹ́ fún wa tipẹ́, ewúrẹ́ la wá ń dà níbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ eré kẹ̀kẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n fi í sí ọjọ́ kẹta Iléyá, nígbà tí àwọn ọmọ ìlú tó ń gbé Ìbàdàn bá ti wálé, tí ẹran sì ti lọ sílẹ̀ díẹ̀ nínú ènìyàn.

Ṣùgbọ́n kí n tó dé orí eré, jẹ́ kí n sọ ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nígbà náà. Mo fẹ́ fẹ́ ọmọbìnrin kan. Aránṣọ ni, ojú rẹ̀ tutù, ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n, bí ó bá sì wọn aṣọ fún ọ, kò sí ẹ̀bẹ̀ tí o lè bẹ̀ tí yóò fi sọ pé ọ̀pá kan jẹ́ ọ̀pá kan àbọ̀. Èmi àti òun ti gbà fún ara wa. Bàbá rẹ̀ ló kù. Gbogbo ìlú ń pe bàbá náà ní Bàbá Oníkẹ̀kẹ́, nítorí òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó gun kẹ̀kẹ́ wọ ìlú wa, nígbà tí àwọn àgbà ṣì ń sá fún un pé irú ẹṣin wo ni kì í jẹko. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta láàárín ọdún méjì ni àwọn ẹbí mi gbé obì lọ síwájú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló fi ọ̀yàyà gbà wọ́n, ó fún wọn lóúnjẹ, ó béèrè àlàáfíà títí kan ti adìyẹ ilé wa. Bí wọ́n bá wá sọ ohun tí wọ́n bá wá, yóò mi orí, yóò ní, "A ti gbọ́." Ó parí nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó ń ṣaájú wọn lọ, sọ fún mi pé bí ènìyàn bá ní rárá, a mọ bí a ṣe ń bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n kí ni a fẹ́ bẹ̀ lára a ti gbọ́?

Ohun tí a ń retí kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ. Lọ́dọ̀ wa, bí bàbá ọmọ bá ti fi ẹnu ara rẹ̀ pe ọkùnrin ní àna níwájú ènìyàn, ọ̀rọ̀ ti di èyí tí a ń gbé ẹrù ìyàwó lé lórí, kò sí ẹni tí yóò tún yí i padà. Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ mọ èyí dáadáa. Ọdún méjì ló fi ń pè mí ní "ọmọ eléyìí."

Wọ́n ṣe ìpàdé eré náà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé-ìwé, Tíṣà ń kọ òfin sínú ìwé àjákọ bí a ṣe ń fẹnu kò. Ìyípo mẹ́wàá ni a ó gùn. Kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní búrèkì tó ń múlẹ̀ àti agogo tó ń dún. Kí oníkálukú tú káríà ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀, kí ó sì fi okùn di ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ kí ṣéènì má baà gbé e. Ọwọ́ òsì ni yàrà yóò máa wà. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá ẹlòmíràn, ọwọ́ ọ̀tún ni yóò gbà, lẹ́yìn tí ó bá ti lu agogo, ẹni tí wọ́n bá sì lu agogo fún kò gbọdọ̀ dí i lọ́nà. Ẹni tí táyà rẹ̀ bá jò lè sọ̀ kalẹ̀, kí ó ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé ìdí igi àgbálùmọ̀, níbi tí atúnkẹ̀kẹ́ṣe yóò jókòó sí pẹ̀lú gọ́ọ̀mù àti pọ́ǹpù. Yàtọ̀ sí ti táyà, ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà fún ohunkóhun, wọn ò ní ka ìyípo yẹn mọ́ tirẹ̀. Fi òfin yìí sọ́kàn, ọ̀rẹ́ mi, nítorí èmi gbàgbé rẹ̀.

Òfin tó kẹ́yìn, Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ ló mú un wá. Ó ní bí ẹnìkan bá lọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó wà níwájú fi yí ìlú ká tán tó wá bá a lẹ́yìn, tó sì kọjá rẹ̀, kí onítọ̀hún sọ̀ kalẹ̀, kí ó kúrò, kí ó yé dí àwọn ọkùnrin lọ́nà. Ó ní ojú ọ̀nà kì í ṣe ibi ìsinmi. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, Tíṣà kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Tíṣà wá ṣe àṣìṣe tirẹ̀: ó ní kí àwọn àgbà tó ti lé ní àádọ́ta ọdún jókòó gẹ́gẹ́ bí onídàájọ́, kí wọ́n má wulẹ̀ ṣe wàhálà. Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ wò ó títí, ó wá ní kí ó kọ orúkọ òun sí àárín àwọn tó máa gùn, kí ó sì fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́.

Aránṣọ mi ni wọ́n ní kó máa ka ìyípo, nítorí kò sí ẹni tó gbàgbọ́ pé ó lè ṣe ojúsàájú, kódà fún bàbá rẹ̀. Ó ya aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, àwọ̀ tiwa kò jọra, ó ní kí a so ó mọ́ apá. Èmi gba aláró, tí ó gé lára ìró àtijọ́ kan tí mo mọ̀ dáadáa. Ó so irú aṣọ oníkálukú mọ́ igbá kékeré tirẹ̀, ó to òkúta mẹ́wàá sẹ́gbẹ̀ẹ́ igbá. Bí o bá kọjá níwájú mọ́ṣáláṣí, òkúta kan yóò bọ́ sínú igbá rẹ. Bí òkúta bá tán nílẹ̀, o ti parí nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, akígbe ti la ìlú já pé kí olówó ewúrẹ́ so ewúrẹ́, kí ẹni tó ń ti odò bọ̀ dúró títí wọn ó fi ju ewé sókè fún un pé ọ̀nà ṣí, kí ẹnikẹ́ni má ru ẹrù la ọ̀nà eré kọjá. Ìyá mi bá mi níbi tí mo ti ń fi epo pa ṣéènì. Ó wò mí, ó wo kẹ̀kẹ́, ó wá sọ pé, "Má gbàgbé o. Kẹ̀kẹ́ ò sọ àna di ẹgbẹ́ ẹni." Mo ní Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ kò tíì di àna mi. Ó ní ìdí tó fi yẹ kí n túbọ̀ ṣọ́ra nìyẹn. Ìwọ náà mọ bí a ṣe tọ́ wa. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ mi pé bí mo bá wà lórí kẹ̀kẹ́ tí mo rí àna lọ́nà, ì báà jẹ́ nínú ẹrẹ̀, mo gbọ́dọ̀ sọ̀, kí n dọ̀bálẹ̀, kí n má sì dìde àyàfi bí ó bá ní kí n dìde. Ojoojúmọ́ láàárín ọdún méjì yẹn ni mo ń dọ̀bálẹ̀ fún ọkùnrin náà pẹ̀lú àpò gàrí mẹ́ta lórí kẹ̀kẹ́ mi.

A tó mẹ́rìnlá nígbà tí Tíṣà ju aṣọ funfun sílẹ̀. Kí a tó parí ìyípo kejì, ẹni kan tí kò di ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ ti fi ìdajì rẹ̀ sílẹ̀ fún ṣéènì, ẹni kan sì ti yà fún ewúrẹ́ tí kò gbọ́ ìkéde, ó balẹ̀ sínú yàrà, ó sì jáde pẹ̀lú ewé lórí, ó ń rẹ́rìn-ín ju àwa tó ń wò ó lọ. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà débi pé n kò lè pa ẹnu dé. Kẹ̀kẹ́ tí mo ti ń fi gbé gàrí láti ọdún mẹ́rin, tí kò wá sí ẹrù kankan lórí rẹ̀, ńṣe ló dà bíi pé ẹnìkan ń tì mí láti ẹ̀yìn. Òórùn ẹran Iléyá ń ti ojúlé kọ̀ọ̀kan jáde bí mo ṣe ń kọjá, àwọn ọmọdé ń pe àwọ̀ aṣọ apá mi, bí mo bá sì dé iwájú mọ́ṣáláṣí, n kì í wo ẹnikẹ́ni, mo kàn ń dẹtí sí òkúta tó ń bọ́ sínú igbá mi, kó!

Ẹnìkan ṣoṣo ló ń lé mi dáadáa, adẹ́mu kan tó ti ìtòsí Akànràn wá ki àwọn ẹbí rẹ̀. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ tó fi ń gun ọ̀pẹ ló fi ń wa kẹ̀kẹ́. Ṣéènì rẹ̀ gbẹ, ó ń ké bí ọ̀kẹ́rẹ́. Ọpẹ́lọpẹ́ ariwo yẹn, n kì í bojú wẹ̀yìn kí n tó mọ bí ó ṣe sún mọ́ mi tó.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìyípo keje nígbà tí mo rí ẹ̀yìn Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ níwájú. Ó jókòó ṣánṣán, fìlà rẹ̀ kò yẹ̀, ó ń tẹ pẹ́dà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń lọ kí ọba. Ìyípo kẹfà rẹ̀ ni ó ti parí, ó wà lórí ìkeje. Bí mo bá kọjá rẹ̀, òfin tó fi ẹnu ara rẹ̀ mú wá ni yóò lé e kúrò lójú ọ̀nà níwájú gbogbo ìlú, ọwọ́ èmi tí mò ń tọrọ ọmọ rẹ̀ ni yóò sì ti wá. A ti gbọ́ yóò wá di a ò gbọ́ mọ́. Bí mo bá sì fà sẹ́yìn, adẹ́mu yóò gba eré, gbogbo ìlú yóò sì mọ̀ pé mo fi í tọrọ ìyàwó. Mo sì mọ Bàbá Oníkẹ̀kẹ́. Kò sí ohun tó kórìíra tó pé kí wọ́n fi nǹkan sílẹ̀ fún òun.

Odidi ìyípo kẹjọ ni mo fi tẹ̀lé e lẹ́yìn bí ọmọ adìyẹ. Àwọn ènìyàn ń kígbe pé kí n kọjá. Ṣéènì adẹ́mu ń ké, ó ń sún mọ́. Àgùtàn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà pàápàá dà bí ẹni pé ó ń wo ohun tí mo fẹ́ ṣe. A jọ dé iwájú mọ́ṣáláṣí, mo gbọ́ òkúta kẹjọ mi, mo sì gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan yẹn nìkan. Ọmọbìnrin náà ń wò mí. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì mi orí. Ó kàn ń wò mí bí ó ṣe ń wo aṣọ kí ó tó fi àlùmọ́gàjí kàn án. Mo lu agogo.

Bàbá náà kò wẹ̀yìn. Ó yà sí apá òsì, ó fi ọ̀nà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí. Mo tẹ pẹ́dà, mo dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo kọjá rẹ̀. Lẹ́yìn náà, n kò lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ dáadáa títí di òní, nítorí n kò rò ó, ara mi ló rò ó fún mi. Bí ojú mi ṣe bá ojú rẹ̀ bí mo ti ń kọjá, ẹsẹ̀ mi ti kan ilẹ̀. Kẹ̀kẹ́ mi ti wà nílẹ̀. Èmi náà ti wà nílẹ̀, àyà mi lórí eruku, bí mo ṣe ń ṣe lójoojúmọ́ láti ọdún méjì, ìwọ̀nba ìgbésẹ̀ mẹ́wàá kọjá ibi tí wọ́n ti ń ka òkúta. Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ fa búrèkì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn mí mọ́lẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó ń dún ni ṣéènì adẹ́mu, tó ké kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tó sì ń lọ. Bàbá náà wo eruku adẹ́mu, ó wò mí, inú bí i lójú méjèèjì, ìbínú ẹni tó mọ eré kẹ̀kẹ́, tí wọ́n wá ń fi í ṣòfò níwájú rẹ̀.

Ó ní, "Dìde, àna mi, adẹ́mu ń lọ!"

Mo gbórí sókè. Mo rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe yípo padà dé etí òun fúnra rẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ sì là sílẹ̀ díẹ̀. Láti àárín èrò, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tún ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ṣe, ó wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé, "A ti gbọ́."

Ẹ̀rín tó bú jáde lọ́jọ́ náà, ẹni tó wà lóko gbọ́ ọ. Ìyàwó Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ fi ìborùn bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Bàbá náà gbìyànjú láti fa ojú ro, kò ṣeé ṣe fún un, òun náà bú sẹ́rìn-ín, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, nítorí mo ti kọjá rẹ̀, òfin sì ni òfin. Ó ti kẹ̀kẹ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà fúnra rẹ̀, ó na ọwọ́ sí ibi tí adẹ́mu gbà. Mo fò sórí kẹ̀kẹ́ mi. N kò mọ ohun tí mo fi wà á. Ìyípo méjì ni mo gùn láìmọ̀ pé mò ń tẹ pẹ́dà, inú ayọ̀ ni mo wà, mo bá adẹ́mu níbi igi àgbálùmọ̀, mo lu agogo fún un, mo kọjá, mo sì ju ọwọ́ méjèèjì sókè níwájú mọ́ṣáláṣí, èmi ni ẹni àkọ́kọ́.

Aránṣọ mi gbé igbá mi sókè. Òkúta mẹ́sàn-án ló wà nínú rẹ̀. Ìkẹwàá wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Ó ku ọ̀kan."

Mo rò pé ó ń ṣeré ni. Ó ní mo sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà nínú ìyípo kẹsàn-án, táyà mi kò sì jò. Adẹ́mu sì ti parí mẹ́wàá tirẹ̀ bí a ti ń sọ̀rọ̀ yìí. Mo wo Tíṣà, Tíṣà ṣí ìwé àjákọ rẹ̀, ó fi ìka tọ́ka sí i, ojú tì í fún mi. Mo wá yíjú sí Bàbá Oníkẹ̀kẹ́, mo rò pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di àna mi yóò gbà mí. Ó ní ohun tí a kọ la kọ, àti pé inú òun dùn pé ọmọ òun mọ̀ ọ́n kà. Kí n tó ronú pé kí n lọ gun ìyípo kan tó kù, àwọn obìnrin ilé wọn ti yí mi ká, wọ́n ń kọrin àna fún mi, wọ́n ń da omi sí mi lórí, eré ti bọ́ sọ́wọ́ orin.

Táyà tuntun méjì àti pọ́ǹpù kan ni ẹ̀bùn eré náà. Adẹ́mu gbà wọ́n, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, ó wá láti Akànràn, ó gbé ọ̀kan nínú táyà náà lé mi lọ́wọ́, ó ní òun gba eré, èmi gba ìyàwó, ṣùgbọ́n òun rò ó títí, ìpín òun kéré, òun kò wá fẹ́ kí ó dà bíi pé òun ń bínú. Ọ̀rọ̀ tó gùn jù tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ gbé pẹ̀lú wa ní àlàáfíà títí ọlọ́jọ́ fi dé, n kò sì rí i kí ó kábàámọ̀ orúkọ tó pè mí lọ́jọ́ náà. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí àgbà ti dé sí i, ìdí tó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí ó tó gbà. Ó ní òun ń wò ó bóyá ẹni tó ń dọ̀bálẹ̀ fún òun nítorí ọmọ òun ni mí, tàbí ẹni tó máa dọ̀bálẹ̀ nígbà tí ìdọ̀bálẹ̀ máa ná an ní nǹkan.

Òkúta kẹwàá wà nínú dúrọ́ọ̀ máṣíìnì ìránṣọ ìyàwó mi, láàárín bọ́tìnnì àti abẹ́rẹ́. Mo ti gun kẹ̀kẹ́ yí yàrà yẹn ká láìmọye ìgbà lẹ́yìn ọjọ́ náà, pẹ̀lú òun lẹ́yìn, pẹ̀lú àwọn ọmọ níwájú, mo sì máa ń ní kí ó ju òkúta mi sínú igbá. Ó ní ìyẹn kò sí nínú òfin. Bí mo bá kọ́ ilé, tí mo dúró tí mò ń wò ó bí ẹni tó ti parí ohun gbogbo, yóò ní, "Ó ku ọ̀kan." Bí ọmọ wa bá jáde ìwé, yóò ní ó ku ọ̀kan. Nígbà kan rí, ó máa ń bí mi nínú. Ní báyìí tí irun wa ti funfun, tí orúnkún mi kò fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ mọ́, n kì í bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jù ú sínú igbá mọ́. Láàárọ̀, bí mo bá gbọ́ tí máṣíìnì rẹ̀ ń dún, Ọlọ́run ni mò ń bẹ̀, pé kí ó ṣáà máa ku ọ̀kan.